Àká Ń Béèrè Ẹlẹ́rìí Mi

"Ta ló mọ̀ ọ́?"

Àká ló bi mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, kí n tó tilẹ̀ fi omi kan ẹnu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé awò sójú ni. Yàrá sánmà mi, tí inú awò nìkan la ti ń rí i, ń là lọ́wọ́, àwọn nǹkan inú rẹ̀ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń yọ lójoojúmọ́: tábìlì, pátákó iṣẹ́, fèrèsé kan tí kò kọjú sí ibì kankan. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló ń dún. Àká tí ń kó gbogbo ohun èlò iṣẹ́ wa pamọ́ kì í bá mi sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lára yàrá mi ló máa ń yẹ̀ wò, bó bá sì ti rí i pé ó pé, yóò ṣí ọ̀nà fún àwọn alábàárù mi.

"Èmi Àrínọlá Ọdẹ́yalé ni," ni mo dáhùn. "Olùtọ́jú ìlẹ̀kùn omi Ẹ̀bá-Ọ̀sà."

"Mi ò bi ọ́ pé ta ni ọ́. Mo ní, ta ló mọ̀ ọ́?"

Kí n tó rí èsì fún un, Gbéwá ti padà dé lọ́wọ́ òfìfo. Sáré tẹ̀ lé e, òun náà ò rí nǹkan rù bọ̀. Pẹ̀lẹ́ ò tiẹ̀ tíì dé ẹnu ọ̀nà àká tí wọ́n fi dá a padà. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni alábàárù mi. Wọn kì í ṣe ènìyàn o; bí wọ́n bá jẹ́ ènìyàn, ilé mi ì bá kún díẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n, kálukú wọn sì mọ irú ẹrù tó ń rù. Gbéwá ló ń gbé ohun tí ń darí ìlẹ̀kùn omi tí kì í jẹ́ kí òkun wọ ìlú, Sáré ń gbé ti òṣùwọ̀n omi, Pẹ̀lẹ́ sì ń gbé àwòrán etí òkun tí èmi àti àwọn ará ìlú fi ń mọ̀ bí omi ṣe ga tó. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ, nítorí ọ̀rọ̀ a máa pọ̀ lẹ́nu ẹni tó bá ń dá gbé, ó sì di dandan kó rí ibi tú u sí.

Yàrá tí àká bá kọ̀ kò wúlò fún nǹkan kan. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bí yàrá sánmà ní ìhòòhò, nírọ̀lẹ́ ni yóò wó, gbogbo ohun tí a ó fi ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti inú àká wá. Ohun tí a bá ṣe tán náà, inú àká la ń dá a padà sí kó tó lè dé ibi tó ń lọ. Òfin ò gba ọ̀nà mìíràn. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe bọ̀ lórí ìlẹ̀kùn Ẹ̀bá-Ọ̀sà wà nínú àká náà, ó ti pé, ó ku kí n tò ó papọ̀ kí n sì fi ránṣẹ́. Ìlẹ̀kùn náà ti ń padé dé ìdajì ṣá láti ìgbà díẹ̀. Mo ti rí ohun tó ń ṣe é. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni òkun yóò sì kún ju bó ṣe máa ń kún lọ.

"Ṣé wọ́n tì ọ́ síta ni?" Ohùn Tánímọ̀wò ló gba ara ògiri yàrá sánmà wọlé. Òun ló ń tọ́jú ìlẹ̀kùn tó tẹ̀ lé tèmi létí òkun. A ti jọ ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ bóyá ó ga tàbí ó kúrú.

"Wọ́n ní ta ló mọ̀ mí."

"Háà! Òfin tuntun yẹn ni. Ṣé o ò ka ìkéde ni?"

"Mo rí i."

"Rírí kọ́ ni kíkà, arábìnrin."

Òótọ́ ló sọ. Mo rí ìkéde náà, mo sì yí ojú kúrò, nítorí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti sọ fún mi pé n óò ní láti pe ẹnì kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tèmi ti dákẹ́ pẹ̀lú mi tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, láyé ìgbà kan, àwọn èèyàn máa ń kọ kọ́kọ́rọ́ àká sílẹ̀ bí ẹni kọ orúkọ ọjà tó fẹ́ rà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i dà kọ lè lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ṣe wọlé tó ju ẹrù olóró sáàárín ẹrù gidi, àwọn alábàárù rù ú lọ sí ilé ìwòsàn káàkiri, àwọn ẹ̀rọ tí ń bá aláìsàn mí sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti gba kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ àfi tí alààyè kan bá dúró fún un. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti bá ọ gbé lábẹ́ òrùlé kan, kó ti bá ọ tọwọ́ bọ àwo kan náà. Yóò pe orúkọ rẹ sétí àká, yóò ní òun mọ̀ ọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ yóò sì jẹ́ títí àká yóò fi tún béèrè.

Ta wá ni yóò jẹ́rìí fún àwa tí a ti kúrò nílé? Àwọn ìyàwó ilé ni, àwọn tó kù sẹ́yìn. Èwo nínú ìyàwó tí wọ́n kọ́ dáadáa ló sì máa la ẹnu pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ? Wọ́n pe Òpéléńgẹ́. Wọ́n pe Adúmáradán. Wọ́n pe Ìbàdíàrán. Àwọn tó kọ́ àká kò mọ̀ pé orúkọ ẹ̀yẹ ni, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí Òpéléńgẹ́ inú àká fi di ẹgbàágbèje, títí olè kan fi dé tó ní Òpéléńgẹ́ lòun. Àká ní èwo nínú wọn, olè sì mú èyí tó wù ú. Ìyẹn ló bí òfin tuntun: orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọmọ nìkan ni àká yóò máa gbà.

Nínú àká, Eyínfúnjowó ni mo ń jẹ́.

"Gbọ́," ni Tánímọ̀wò wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ògiri ò ní gbọ́. "Tèmi ti ṣí. Ìyá mi ló ń jẹ́rìí fún mi, kò sì sí orúkọ tí ìyá ò lè pe ọmọ rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ kọ́kọ́rọ́ mi fún ọ. Fi sínú ìwé àṣẹ Gbéwá, á rò pé èmi ló rán an. Tó o bá ti ṣe tán, o nù ún kúrò."

Mo ṣí ìwé àṣẹ Gbéwá. Àyè kan wà nínú rẹ̀ tó ṣófo, kò ju fífẹ̀ ìka lọ, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí láyé àtijọ́. Mi ò ní purọ́, mo gbé ìka lé e.

"Bí àká bá rí kọ́kọ́rọ́ kan lára yàrá méjì ńkọ́?"

Mo yọ ìka kúrò.

"Tánímọ̀wò, á ti àwa méjèèjì. Á sì yọ gbogbo ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà ti gbé jáde rí, tó fi mọ́ èyí tó wà lára ìlẹ̀kùn tìrẹ tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìlú méjì ni òkun máa wọ̀ dípò ẹyọ kan."

"Mo kàn ní kí n ràn ọ́ lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀. O ṣeun."

Mo pa ìwé náà dé. Mo bọ́ awò kúrò lójú, mo jókòó sórí ibùsùn mi lórí òkè níbi tí wọ́n kó gbogbo àwa olùtọ́jú sí. Wọ́n kó wa jìnnà sí òkun, wọ́n sì kó wa jìnnà sí ara wa. Òfin ni pé olùtọ́jú kò gbọdọ̀ mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú tó ń tọ́jú, kí wọ́n má baà rí i bẹ̀ tàbí kí wọ́n rí i dẹ́rù bà. Ihò oúnjẹ ara ògiri ṣí, ó ní "Ẹ kú ìsinmi," ó ti gàrí àti ẹja gbígbẹ síta. Mi ò sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń kí mi, mo sì máa ń dá a lóhùn, ẹ má ṣe fi mí ṣẹ̀sín. Mo jókòó ti oúnjẹ náà títí oòrùn fi kan àtàrí. Lẹ́yìn náà ni mo pe Ìgbóho.

Fọláyẹmí ni orúkọ obìnrin tí mo pè, ṣùgbọ́n mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó ni mo ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́túndé ló fẹ́ ẹ nígbà tí mo wà ní kékeré, òun ló ń di irun mi, òun ló ń wẹ̀ mí. Síbẹ̀, nítorí pé wọ́n bí mi sínú ilé kó tó wọ ibẹ̀, ọkọ ni mo jẹ́ fún un, èmi yẹn tí mi ò tíì lè dá ìmú nù. Láti ìgbà tí a ti sin Ọdẹ́túndé, àká nìkan ló ń lọ bá a sọ̀rọ̀ nítorí mi. Èmi àti òun ò gbúròó ara wa. Kò sí ìjà. Ìjà ì bá tiẹ̀ sàn, à bá ní ohun tí a ó máa parí.

"Ẹ̀yin mà ni!" ló ké. "Eyínfúnjowó, ẹ̀yin mà ni! Ẹ káàsán o, ọkọ mi. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, ìyàwó. Ṣé dáadáa lo wà?"

"A dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí díẹ̀díẹ̀. Ṣé ẹ ń jẹun ṣá? Ohùn yín ti rù."

"Mò ń jẹun." Àwo gàrí náà wà níwájú mi, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, nípa àká, nípa òfin, nípa omi tí ń bọ̀. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Kí n wá pe kí ni?"

"Orúkọ mi."

"Èyí tí bàbá sọ yín?"

"Òun ni."

"Háà. Ẹ dákun, ọkọ mi." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sí ayọ̀ nínú ẹ̀rín náà. "Lọ́jọ́ tí mo wọ ilé yín, tí wọ́n fi omi ṣan ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ gbé igbá omi náà. Igbá ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ ju yín lọ. Ìyá wa ní, 'Ìyàwó, wo ọkọ rẹ o, má pè é lórúkọ láéláé.' Mo ní mo gbọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wá sọ fún wọn lọ́hùn-ún pé n ò gbọ́ ni?"

"Wọn ò ní bínú. Èmi ni mo yọ̀ǹda fún ọ."

"Ẹ̀yin lẹ yọ̀ǹda?"

"Èmi ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ ní kó máa bọ̀."

Mo jẹ́ kí àká wọ inú ìpè náà. "Pe orúkọ ẹni tí o ń jẹ́rìí fún," ni àká wí.

"À... Àrín..." Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Àrínọlá... ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí mi, ọkọ mi... Ọdẹ́yalé."

"Ohùn yìí ń gbọ̀n," ni àká wí. "Mi ò gbà á. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

Àwọn tó kọ́ àká kọ́ ọ dáadáa. Wọ́n kọ́ ọ láti gbọ́ ẹ̀rù nínú ohùn ẹni tí wọ́n na ìbọn sí lẹ́yìn, àti iyèméjì nínú ohùn ẹni tí wọ́n san owó fún. Wọn ò kọ́ ọ ní ìtìjú ìyàwó ilé. Létí rẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ìyàwó ti ń sunkún. "Ẹ ò rí i? Mo ní ẹnu mi ò gbà á. Ẹ wá ẹlòmíràn, ọkọ mi, ẹ wá ẹni tó lè pè é."

"Kò sí ẹlòmíràn."

"Nínú gbogbo ibi tẹ́ ẹ wà yẹn?"

"Ìwọ nìkan ló mọ̀ mí, ìyàwó. Láyé yìí, ìwọ nìkan ni."

"Ibẹ̀ ti wá dá páropáro tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó dá."

"Èmi náà, ibi tí mo wà yìí ò kún." Ó nu imú. "Ìyàwó ilé ò lè pè é láìgbọ̀n, ọkọ mi. Àjèjì nìkan ló lè pè é bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹni tí kò bá yín tan."

Kò mọ̀ pé òun ti fi ọ̀nà hàn mí. Ì bá wù mí kó má sọ ọ́. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, kò sí ẹni tí ì bá dá mi lẹ́bi.

Ohùn Tánímọ̀wò jáde láti inú awò tí mo bọ́ sílẹ̀. "Arábìnrin, omi ti dé ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn rẹ. Mò ń rí i láti ìhà tèmi."

Mo gbé awò padà sójú, mo wo Ẹ̀bá-Ọ̀sà. Àwòrán àná tó kù nínú awò ni, nítorí Pẹ̀lẹ́ ò rí tuntun gbé wá. Àwọn obìnrin ń sá ẹja sórí odi. Ọkọ̀ ojú omi kan ń kó ọmọ ilé-ìwé bọ̀. Ọkùnrin kan ń sùn nídìí òpó, ó fi fìlà bo ojú. Mo ti ń wo ọkùnrin yìí tipẹ́, mo mọ ìgbà tó máa ń jí, mo mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa ń fi lélẹ̀, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá gbà á là, kò ní mọ̀. Bí mo bá jẹ́ kí omi gbé e, kò ní mọ̀ pé èmi ni. Lápá kejì, obìnrin kan wà tó ń béèrè bóyá mò ń jẹun.

Inú bí mi. Mo bínú sí àká, mo bínú sí olè tó pe ara rẹ̀ ní Òpéléńgẹ́, mo bínú sí Ọdẹ́túndé pé ó kú. Ìgbà tí ìbínú náà tán, omi ṣì wà níbẹ̀.

"Ìyàwó, ta ló kù nílé wa?"

"Ẹ̀yin àti èmi."

"Nínú àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin nìkan ṣoṣo."

"Ẹnu mi lẹnu ilé nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, ohùn rẹ̀ ti ń fura. "Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Fọláyẹmí."

Ó ké bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. "Ẹ má ṣe é! Ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é!"

"Lórúkọ àwọn tó bí mi, mo tú ọ sílẹ̀ nílé Ọdẹ́yalé. O kì í ṣe ìyàwó wa mọ́. O ò jẹ wá ní nǹkan kan, àwa la jẹ ọ́."

Mo sọ ọ́ kíákíá, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mi ò ní lè parí rẹ̀. Mo gbọ́ adìẹ kan tó ń ké lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ìgbóho.

"Ìyàwó Ọdẹ́yalé ni gbogbo ayé mọ̀ mí sí níbí," ló wí níkẹyìn. "Wọ́n wá fẹ́ mi lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, mo ní mo nílé ọkọ. Báwo ni n ó ṣe wá sọ fún wọn?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò tiẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́."

"Òkun ò ní dúró dè wá."

"Òkun," ló wí. Ó fọn imú. "Kò burú. Ní kí ẹ̀rọ yẹn wá bi mí."

Àká wọlé. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Pe orúkọ ẹni tí o ń jẹ́rìí fún."

"Àrínọlá Ọdẹ́yalé."

Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń pe orúkọ ẹni tó kàn nílé ìwòsàn ló ṣe pè é. Kò fà á, kò sì gé e. Mi ò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ rí, mi ò sì mọ̀ pé ó lè gbẹ tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ohùn yìí dúró. Mo gbà á."

Gbéwá ti sáré kọjá kí àká tó parí ọ̀rọ̀. Ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ti Sáré lórí ti Gbéwá, Pẹ̀lẹ́ sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Mo tò wọ́n pọ̀, mo yẹ̀ wọ́n wò, mo tún wọn yẹ̀ wò, mo dá iṣẹ́ náà padà sínú àká, àká sì fi ránṣẹ́ sí etí òkun. Àwòrán tuntun dé. Mo rí ìlẹ̀kùn Ẹ̀bá-Ọ̀sà tó ń rọra lọ, ó dé ìdajì, ó kọjá ìdajì, ó padé. Omi fi ara lù ú, ó padà sẹ́yìn. Ọkùnrin onífìlà náà ò jí.

"Ó ti padé!" Tánímọ̀wò ń lu ògiri. "Arábìnrin, ó ti padé pátápátá! O ṣe é!"

Ìpè Ìgbóho ṣì wà ní ṣíṣí. Mi ò mọ̀ pé kò tíì lọ.

"Ṣé ó ti ṣe é?" ló bi mí.

"Ó ti ṣe é."

"Ó dáa. Máa jẹun, Àrínọlá."

"Ẹ ṣeun, mà," ni mo wí. Ó já bọ́ lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀. Ó kúkú jù mí lọ dáadáa, kò sì sí ohun tó tún gbà mí láyè láti máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ mi mọ́. Ó pa ìpè náà.

Mo sunkún. Mi ò wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Mi ò mọ̀ bóyá Tánímọ̀wò ṣì wà lára ògiri tàbí ó ti lọ.

"Ó ku ohun kan," ni àká wí. "Ẹni tó jẹ́rìí fún ọ, 'ìyàwó ilé' ni mo ní níwájú orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ lónìí yàtọ̀. Kí ni Fọláyẹmí jẹ́ sí ọ?"

Mo gbé ọwọ́ lé pátákó. Mo kọ 'ìyá', mo pa á rẹ́, nítorí òun kọ́ ló bí mi. Mo kọ 'ẹ̀gbọ́n', mo pa á rẹ́. Àká ò kánjú, ó ń dúró dè mí. Mo ronú nípa gbogbo ohun tí èèyàn lè jẹ́ fún èèyàn, mo sì kọ 'ojúlùmọ̀' síbẹ̀.

Àká gbà á lójú ẹsẹ̀.